Ìdáhùn: “Ìbáramú” kọ́ o. Kí ni “wọ̀” ṣe fún yín?

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin èwe wa, ẹ kú ìjókòó o.

Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Láti ìjẹta ni mo ti ń kà á, tí mo ń pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ “ìbáramú” lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n tún fi àmì òkè lé e lórí gbàgà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ń kọ ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó béèrè pé kí ni ká máa pè é tí àwọn ẹ̀yà tí a rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá lè bá ara wọn ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní “ìbáramú”. Wọ́n tún ní ká máa pe mọ́dàbọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, ní “ìyá-pátákó”. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, àmì yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá yín jà lé lórí. “Mú” olóhùn òkè ni ti ọ̀bẹ tó mú. Òun náà ló wà nínú “ẹ bá mi mú ewúrẹ́ yẹn”. Tí ẹ bá wá ní RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) àti mọ́dàbọ́ọ̀dù ní “ìbáramú”, ohun tí etí mi gbọ́ ni pé àwọn méjèèjì jọ ń lé ewúrẹ́ kiri. Ohùn àárín ló wà lórí “mu” tí à ń wá: fìlà bá orí mu, ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹ ní olùkọ́ yín ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀ ní 1978. Èmi náà ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, mi ò sì gbà pé olùkọ́ kan dúró níwájú pátákó kó fi àmì òkè sí “mu” yẹn. Bóyá ẹfun ló ta sí i.

Ẹnìkan wá dá a pada pé “mu” olóhùn àárín náà ni ti ẹmu, pé “ìbáramu” á wá di ẹgbẹ́ ọ̀mùtí. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ “fìlà yìí bá mi mu” tó lọ ń wá igbá?

Ohùn nìkan kọ́ lẹjọ́ mi. Ẹjọ́ mi gan-an ni ì- tí ẹ ń kàn mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe níwájú bí ẹni ń kan ìṣó. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì ni “bá … mu”. Àárín ẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ẹni tó ń bá àti ohun tó ń bá ti ń pàdé. Ẹ wá dì í pọ̀, ẹ fi ì- ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ ní ó di ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí ló dé tí a kò lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe wa bó ṣe wà?

Bàbá mi ránṣọ lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ títí ojú wọn fi ṣú. Mi ò gbọ́ “ìbáramu” lẹ́nu wọn rí. “Ó wọ̀ yín.” “Ó yẹ yín.” “Kò bá fìlà yín mu.” Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo rántí alhaji kan tó gbé agbádá wọ̀, tó ń yí síwá-sẹ́yìn níwájú dígí. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, “Ó wọ̀ yín, sà, ṣùgbọ́n kò yẹ yín.” Ọkùnrin náà sanwó, ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “wọ̀” àti “yẹ” yẹn, ẹ bá mi fi “ìbáramú” sọ ọ́ ká gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kówó jọ títí, ó lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ó kó ẹrù ẹ̀ dé ilé mi ní Ìbàdàn: mọ́dàbọ́ọ̀dù B450 tòkunbọ̀, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600 tuntun nínú páálí, RAM DDR4 méjì, káàdì àwòrán RTX 3060, páwà tó ń pín iná, àti kásì, ìyẹn àpótí tí gbogbo wọn ń wọ̀. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti tò ó. Ó gbé ọwọ́ irin tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó CPU sókè, ó wá igun tí wọ́n ya àmì wúrà onígun mẹ́ta sí, ó fi kọjú sí igun tó ní irú àmì kan náà lórí bọ́ọ̀dù, ó sì tú u sílẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Abẹ́rẹ́ 1331 ló wà lábẹ́ nǹkan yẹn, gbogbo wọn bọ́ sí ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó mọ ojúlé baba ẹ̀. Èmi tí mo ń wò ó, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: “Ó ti wọ̀.” Mi ò ronú kí n tó sọ ọ́. “Wọ̀” tí àlejò ń wọ̀ sílé ẹni náà ni.

A tanná sí i. Fáànù ń yí, iná pupa ń tàn, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn birimù. A kọ́kọ́ fura sí káàdì, torí 5600 kò lè gbé àwòrán jáde fúnra ẹ̀, 5600G ló lè ṣe ìyẹn. A yọ káàdì, a tún un kì bọ̀ ọ́, òfo. Ẹ̀bi wa ni, a ò ka ìwé kí a tó ra ọjà. Ọdún 2018 ni irú bọ́ọ̀dù B450 jáde, ọdún 2022 ni CPU yẹn jáde. BIOS, ìyẹn ohun tí bọ́ọ̀dù kọ́kọ́ ń kà tíná bá dé, ti pẹ́ nínú tiwa, kò mọ ẹni tó wọ̀ sílé ẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa yá wa ní Ryzen 5 2600, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀dù yẹn lọ́jọ́ orí. A fi í sí i, àwòrán yọ. Ọ̀gá fi fláàṣì kó BIOS tuntun sínú ẹ̀, ó yọ 2600, ó dá 5600 padà síjòókòó. Ó ṣiṣẹ́ wàyí! Abẹ́rẹ́ kan ò yí padà, ihò kan ò sì fẹ̀ sí i. Kí ló wá yí padà? Ọ̀gá tí kò lọ yunifásítì kankan ló dáhùn: “Tẹ́lẹ̀, kò gbédè ẹ̀ ni.”

Ẹ rí i báyìí. Ó wọ̀, kò gbédè. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ò lè ru ìyẹn.

Èyí tí kò wọ̀ pàápàá tún wà. RAM DDR4 ní ojú wáyà 288 létí, DDR5 tó jẹ́ ìran tó tẹ̀ lé e náà ní 288, gígùn wọn dọ́gba. Ihò kékeré tí wọ́n gé sí ìsàlẹ̀ ló fi díẹ̀ yàtọ̀ níbùjókòó, bí ẹ bá sì fipá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ ń ba owó jẹ́ ni. Ẹ̀yin tó ń bínú pé mò ń fi àmì ohùn yọ yín lẹ́nu, “ọkọ̀” àti “ọkọ́” nìyẹn. Lẹ́tà kan náà, irú àmì tó wà lórí ẹ̀ ló sọ bóyá o máa wọ̀ ọ́ rìnrìn-àjò tàbí o máa fi ro oko. Ti Intel, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe CPU, tún ju ìyẹn lọ: ìjókòó CPU tí wọ́n ń pè ní 1151 tó jáde ní 2015 àti èyí tó jáde ní 2017, iye ojú wáyà wọn kan náà ni, CPU kan náà á jókòó sínú méjèèjì jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n CPU ìran kẹjọ kò ní ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀.

Páwà ńkọ́? Wáàtì 65 ni ti 5600 yẹn lórí ìwé, 170 ni ti RTX 3060, páwà 550 ni wọ́n sì ní kéèyàn rà sí káàdì náà, kí ó rí àyè mí. A kì í bi aláàárù pé “ṣé ẹrù yìí bá ẹ mu?” A máa ń bi í pé “ṣé wàá lè gbé e?” Páwà ń gbé e ni. Kásì sì ń gbà á, bí ilé ṣe ń gba àlejò: káàdì tó bá gùn ju inú kásì lọ, kásì ò gbà á, ọ̀rọ̀ tán. Nítorí náà àbá mi fún àbúrò wa tó ń kọ ìtọ́sọ́nà: CPU wọ̀, bọ́ọ̀dù gbédè ẹ̀, páwà gbé e, kásì gbà á. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, o lè wá sọ pé ó ṣe wẹ́kú. Má ṣe dá ọ̀rọ̀-orúkọ kankan sílẹ̀. Bí olóòtú bá fi dandan lé ọ̀rọ̀-orúkọ fún orí ìwé, “ìbáramu” ni kó o kọ, àmì kankan kò gbọdọ̀ wà lórí “mu”, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku “ìyá-pátákó”. Ẹni tó fi ìyáàlù gbè é lẹ́sẹ̀ gbìyànjú, mo kan sáárá sí i. Lóòótọ́, “ìyá” lè jẹ́ aṣáájú láàárín wa. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, tí àwọn yòókù ń gbè é. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà? CPU ni! Bí a bá tẹ̀ lé ìlù, CPU ló yẹ kó jẹ́ ìyá, bọ́ọ̀dù á wá jẹ́ agbo tí wọ́n ti ń lù ú. “Bọ́ọ̀dù” ni wọ́n ń pè é ní Ìkẹjà, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àyálò ń dójú tì wá, kó lọ yọ àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀ ẹ̀.

Ìyá wa láti Adó-Èkìtì tí wọ́n ní kí ló dé tí ì- nìkan ń jẹgàba nígbà tí àwọn ń pe ilé ní “ulé”: ẹ ṣeun mà. Ẹ kọ “ùbáramu” ká rí i. Kò lè burú ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ.

Èyí tí mi ò tíì mọ ibi tí màá dúró sí ni bóyá “ta” là ń ta géèmù tàbí “gbá” là ń gbá a. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní “gbá”. Bàbá àgbà kan tó ń tayò lẹ́nu ọ̀nà wa gbọ́ ọ, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, pé ẹni tó bá jókòó sójú kan tó ń fọwọ́ pa ọ̀tá, ó ń ta á ni. Ọmọ náà ní òun ń gbá bọ́ọ̀lù nínú géèmù ọ̀hún. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà títí mo fi wọlé.

Mò ń retí èsì láti Lọ́ńdọ̀nù lórí “mú”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi 1978 dá mi lóhùn o.