Ṣé kí n ṣì máa ya ọwọ́ ìyá mi ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí ìyá mi kú, àwòrán yíyà ni ó sì gbà mí là. Mo ti dàgbà báyìí, ṣùgbọ́n ohun yòówù tí mo bá fẹ́ yà, ọwọ́ ìyá mi ni mo máa ń yà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú àpá kékeré ẹ̀bá àtàǹpàkò rẹ̀. Àbúrò mi ní ńṣe ni mo ń sọ ọgbẹ́ tí ó ti ń jinná di ọ̀tun. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé n kò rántí ojú ìyá mi dáadáa mọ́. Ṣé kí n dáwọ́ dúró ni?

Ìdáhùn kìíní: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Má dáwọ́ dúró. Edvard Munch, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà tí ikọ́ ife pa ìyá rẹ̀ ní 1868. Àrùn kan náà ni ó mú Sophie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní 1877, nǹkan bí 40 ọdún ni ó sì fi ń padà ya ọmọbìnrin kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni ojú tí ó fi ń wo òkú rẹ̀ ń yí padà: ọmọdé ń wá ọwọ́ tí yóò di òun mú, àgbàlagbà sì lè rí àárẹ̀ tí ó wà nínú ọwọ́ kan náà. Tẹ́ àwòrán àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí sílẹ̀ pọ̀, kí o wò wọ́n.

Ìdáhùn kejì: Ní ti ojú ìyá yín, ẹ má fi ipá wá a. Nígbà tí ogun pa Peter, ọmọ Käthe Kollwitz, ayàwòrán àti agbẹ́re ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ní 1914, ère ọmọ náà ni obìnrin yìí kọ́kọ́ fẹ́ gbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní 1932, ọmọ kò sí níbẹ̀ mọ́, bàbá àti ìyá tí wọ́n kúnlẹ̀ nínú ọ̀fọ̀ nìkan ni ó kù, ojú Kollwitz fúnra rẹ̀ ni ó sì fún ìyá náà. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú láti ya ara yín, ẹ̀yin tí ẹ kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwòrán náà bá wá ń gba oorun àti oúnjẹ lẹ́nu yín, ẹ lọ rí onímọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ.

Ìdáhùn kẹta: Àbúrò yín náà kò ní ìyá mọ́. Kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ bi í léèrè ohun tí òun rántí nípa ìyá yín.