Ìlòkù kọ́, ìdásí ni

Ẹ̀yin ará, nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun tí à ń wá, mo rí "ìlòkù" tí ọ̀gá wa ará Ọ̀yọ́ ṣẹ̀dá fún ẹ̀tọ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ti ta ilẹ̀ rẹ̀, bíi kó máa ká èso igi tó wà níbẹ̀, tàbí kó máa wọlé wo ojú oórì baba rẹ̀. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ náà ò bá etí wa mu ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ àlòkù ń bẹ, mọ́tò àlòkù ń bẹ: ohun tí ẹnìkan ti lò kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Bí a bá tẹ̀lé "kù" yẹn, ẹni tó ra ilẹ̀ gan-an ló ni ìlòkù! Ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀. Lọ́la wọn á kà á sí "ìlòkú", a ó wá máa bèèrè ẹni tó kú.

Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ò sọnù. Bí àwọn baba wa bá ń ṣán oko, wọn kì í gé igi irú àti igi òrí, wọ́n á dá a sí. Bí wọ́n bá fún àtìpó nílẹ̀, wọ́n á dá ọ̀pẹ sí: iṣu àti àgbàdo ni tirẹ̀, ẹyìn di ti onílẹ̀. Ìyá mi àgbà tó ń ṣe irú kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n "ilẹ̀ ni wọ́n tà, wọ́n dá igi irú sí" ni wọ́n máa ń wí. Ẹ̀tọ́ ìdásí, ó tán.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní dídá sí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ ni ìdásí. Kó wo ibi tí àbọ̀, ìyẹn ohun tí à ń dá, wà nínú gbólóhùn: "dá igi sí" kì í ṣe "dá sí ọ̀rọ̀". Ọmọ ilé ìwé mọ ìyẹn.

Ẹni tó sì ní ọ̀rọ̀ "ìṣákọ́lẹ̀" ti tó, àtìpó ló ń san ìyẹn fún onílẹ̀. Onílẹ̀ tó ti gbowó tán, ta ni yóò tún san án fún? Lọ́yà tó wà láàárín wa sọ pé láti 1978 tí òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹ̀tọ́ lílò nìkan là ń tà fúnra wa. Ó dáa, òun náà la dá díẹ̀ sí nínú rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí igi tó di pákó.