Gálílì tí mo wọ aṣọ dúdú lọ

Ìyá Ìbejì, Ìlẹ̀ṣà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ní ká sọ ìgbà tí ọdún bá wa nínú ọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọdún 2024 ni. Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí 14 oṣù kejì, Lẹ́ǹtì ò tíì jìnnà tí Bàbá Ìbejì fi ṣubú ní bálùwẹ̀, ká tó gbé wọn dé ọsibítù ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá tó bí mi, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n, ìtàn bí òkú ṣe jí nígbà ìsọjí Wòlíì Babalọlá ní Òkè-Oòyè níbí ní 1930 ni wọ́n máa ń sọ fún wa ká tó sùn, èmi náà wá ń bi Ọlọ́run pé ṣé ọ̀nà Òkè-Oòyè ti dí ni tí tèmi ò fi jí.

Good Friday ló kọ́kọ́ tù mí lára, ẹ má bú mi. Gbogbo ìyá ìjọ ló wọ dúdú, láti aago méjìlá sí mẹ́ta tí wọ́n fi ń wàásù lórí ọ̀rọ̀ méje orí àgbélébùú, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni opó nínú wa. Àmọ́ Sọ́ńdè dé, gbogbo wọn wọ funfun, wọ́n ti ń fi ìlù kọrin kiri àdúgbò láti ìdájí, mo ti fèrèsé, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mọ́ńdè Àjíǹde, tí ìjọ máa ń jáde lọ gbafẹ́ tí a ń pè ní Gálílì, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi látìgbà ìsìnkú ní, "Ìyàwó mi, dìde, à ń lọ Gálílì." Mo ní Màámi, opó wo ló ń lọ Gálílì? Wọ́n ní áńgẹ́lì ibojì ò sọ fáwọn obìnrin yẹn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó ní kí wọ́n yára lọ ni.

Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni bọ́ọ̀sì ìjọ gbé wa lọ. Ìpele méje lomi yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ń gùn ún lọ, àwa jókòó ti ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, aláwàdà ni Bàbá Ìbejì o, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin kì í lọ kí wọ́n má tan èèyàn jẹ. Nígbà oyún Ìdòwú, wọ́n pe màmá yìí ní fóònù pé mo tún ti bí ìbejì, màmá ti gbé ewúrẹ́ wọ mọ́tò láti Ìpetu kí wọ́n tó gbọ́ pé Épírì fúùlù ni. Mọ́ńdè Gálílì yẹn sì bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù kẹrin gan-an! Mo rí i tí màmá ń wo ẹ̀yìn igi kan ṣáá, mo ní kí lẹ ń wò, wọ́n ní, "Ọkọ rẹ ni mò ń ṣọ́. Ọmọ yìí lè yọjú níbẹ̀ báyìí kó ní Épírì fúùlù, màá fọ́ ọ létí kí n tó dì mọ́ ọn."

Ẹ̀rín pa mí, mo rín in títí ó di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín, ẹ̀rù wá bà mí pé wọ́n á ní mo ti gbàgbé ọkọ. Màmá ní, "Ta ló pa wá lẹ́rìn-ín? Ṣé kì í ṣe òun náà ni?"

Mo tún sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Àmọ́ àtìgbà yẹn la ti ń lè dárúkọ wọn nínú ilé, àwọn ìbejì náà ti ń sín bàbá wọn jẹ.

Bọ̀dá Akọrin, Ifẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kérésì ni tèmi. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mo kàn mú ìwé orin dání láàrin àwọn oníbéèsì ni, ẹnu ò ṣeé là. Bàbá tó dúró tì mí ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn gbé ohùn sókè. Nígbà tá a jókòó wọ́n ní, "Mo kọ tìẹ mọ́ tèmi, o jẹ mí ní gbèsè." Mo san án nígbà Àjíǹde, ikọ́ ń ṣe wọ́n.

Àbíkẹ́ Ìṣọ̀kùn:
Èmi ò tíì rẹ́rìn-ín o, ọmọ ni mo sin. Mo kàn ń ka tiyín ni.

Ìyá Ìbejì, Ìlẹ̀ṣà:
Áà, Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má rín, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ìṣọ̀kùn ò jìnnà sí mi, ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, èmi àti màmá á wá jókòó tì yín. Wọn kì í wàásù. Ògì gbígbóná ni kẹ́ ẹ ṣe sílẹ̀ fún wọn, ẹ má fi ṣúgà sí i.