"Ìwà akórìíra-Júù" ni mo fara mọ́: èsì sí àwọn àbá tó wà nílẹ̀

Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí à ń ṣe fún àwọn oníròyìn, àbá mẹ́ta la ti gbọ́ fún ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní antisemitism, ìyẹn kí èèyàn kórìíra àwọn Júù nítorí pé wọ́n jẹ́ Júù: "ìkórìíra àwọn ọmọ Ṣémù", "àtakò Júù" àti "ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí Júù". Ẹnì kan tún béèrè bóyá "ojúsàájú" tó fún double standard, ìyẹn kí a fi òfin kan wọn ẹnì kan, kí a sì fi òmíràn wọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí èyí kí àwọn oníròyìn tó gbé èyí tí kò tọ́ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a yọ Ṣémù kúrò. Ọdún 1781 ni ọ̀mọ̀wé Jámánì kan, August Ludwig Schlözer, fi orúkọ ọmọ Nóà yìí pe ẹbí èdè kan. Hébérù wà nínú rẹ̀, Lárúbáwá wà nínú rẹ̀, Amháríkì àwọn ará Etiópíà náà ò gbẹ́yìn. Ẹbí èdè ni, kì í ṣe ẹ̀yà ènìyàn. Nígbà tó di 1879, Wilhelm Marr dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Berlin láti gbógun ti àwọn Júù, ó sì sọ ọ́ ní Antisemiten-Liga. Àwọn ará Jámánì ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀, Judenhass, tó túmọ̀ sí ìkórìíra Júù láìfi bò. Bí ọ̀rọ̀ ìjà ẹ̀sìn àtijọ́ ni ìyẹn ṣe ń dún létí àwọn ọ̀làjú ìgbà náà, orúkọ tó máa dún bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ni Marr ń fẹ́. Júù nìkan ló ní lọ́kàn. Tí a bá wá kọ "ọmọ Ṣémù", ẹnì kan yóò dìde pé Lárúbáwá náà ọmọ Ṣémù ni, báwo ló ṣe máa kórìíra Ṣémù? Àríyànjiyàn yìí ti jẹ ọ̀pọ̀ àkókò lédè mìíràn láìso èso kankan. Nítorí rẹ̀ ni IHRA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ìrántí Ìpakúpa àwọn Júù (Holocaust), fi dá a lábàá ní 2015 pé kí wọ́n má fi àmì ìsopọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ́ (anti-Semitism), kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ "Semitism" tí èèyàn lè lòdì sí.

"Àtakò Júù" tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ alátakò la máa ń pe ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò sí lórí àlééfà, iṣẹ́ tó bófin mu ni wọ́n sì ń ṣe. Àtakò ń sọ pé Júù jẹ́ èrò tàbí ètò tí ọmọlúàbí lè tò sí òdìkejì rẹ̀. Ohun tí Marr fẹ́ kí ayé gbà gan-an nìyẹn.

"Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò gbà á tán. Ìkórìíra yìí kì í dúró síbi kan. Ní 1290, Ọba Edward Kìíní lé gbogbo Júù kúrò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Sípéènì, ní 1492, Júù tó bá gba ìrìbọmi lè dúró, nítorí náà ẹ̀sìn ni wọ́n sọ pé ó fà á. Síbẹ̀ ìlú Toledo ti ṣòfin láti 1449 pé àwọn Júù tó di Kristẹni, àtọmọ-dọ́mọ wọn, kò gbọdọ̀ di ipò ìlú mú. Ẹ̀jẹ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Nígbà tí òfin Nuremberg ti ìjọba Násì ní Jámánì dé ní 1935, ẹni tí mẹ́ta nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ Júù ti di Júù, ìbáà jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ní Pólándì ní 1968, ìjọba Kọ́múníìsì ò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. "Síónísì", ìyẹn ẹni tó fara mọ́ ọn pé kí àwọn Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn, ni wọ́n ń kígbe mọ́ àwọn Júù. Wọ́n lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá Júù lọ tó fi ìlú náà sílẹ̀.

Ẹlẹ́yàmẹ̀yà sábà máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó kórìíra. Ti Júù ní apá kejì: wọ́n á ní ó kéré sí èèyàn, wọ́n á tún ní òun ló ń fi ìkọ̀kọ̀ darí ayé. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1348 sí 1349 ní Yúróòpù, wọ́n ní Júù ló da májèlé sínú kànga, bẹ́ẹ̀ àrùn náà ń pa Júù pẹ̀lú. Ní Strasbourg, wọ́n dáná sun wọ́n lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì 1349. Ìwé èké tí wọ́n pè ní ìlànà àwọn àgbà Síónì jáde ní Rọ́ṣíà ní 1903. Ìwé ìròyìn The Times ti London tú àṣírí rẹ̀ ní 1921: ìwé Faransé kan tí wọ́n fi bú Napoleon Kẹta ní 1864 ni wọ́n dà kọ, kò sì sí Júù kankan nínú ìyẹn. Wọ́n ṣì ń tẹ ayédèrú náà títí di òní. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń kiri lórí fóònù wa pé Júù ló ni gbogbo báǹkì ayé, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni.

Kí ló dé tí n kò fi dúró lórí "ìkórìíra Júù" lásán? Ó lójú méjì ni. "Ìfẹ́ ìyá" lè jẹ́ ìfẹ́ tí ìyá ní, ó sì lè jẹ́ ìfẹ́ tí a ní sí ìyá. "Ìkórìíra Júù" náà lè di ìkórìíra tí Júù ní sí ẹlòmíràn, ìyẹn á sì tún di ẹ̀sùn mìíràn. Ṣùgbọ́n fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- mọ́ "kórìíra Júù": akórìíra-Júù, bíi apẹja. Kò sí iyèméjì níbẹ̀ mọ́. Kí a wá fi ìwà síwájú rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìkórìíra inú ọkàn ò ṣeé rí, ìwà ṣeé rí. Àwọn Mùsùlùmí tó ń pè é ní Yẹhúdì lè sọ pé akórìíra-Yẹhúdì, kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ẹnì kan ní kí a sá fún Júù nítorí pé ìwàásù Ọjọ́ Ẹtì Rere ti bà á lórúkọ jẹ́. Rárá o. Ìwàásù ni kí á tún ṣe. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1965 ni ìpàdé àpérò Ìjọ Kátólíìkì ní Vatican ti kéde pé a kò lè di ikú Jésù ru gbogbo Júù ìgbà ayé rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tòní. Èyí tó yẹ ká ṣọ́ ni "ọmọ Ísírẹ́lì". Bíbélì ń lò ó fún àwọn ará ìgbàanì, rédíò ń lò ó fún aráàlú Ísírẹ́lì òde òní (bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún wọn jẹ́ Lárúbáwá), àwọn kan tún ń fi pe Júù tó ń gbé ní New York. Kí oníròyìn kọ Júù fún àwọn èèyàn náà, "ìjọba Ísírẹ́lì" tàbí "ọmọ ogun Ísírẹ́lì" fún ẹni tó pàṣẹ tàbí tó yìnbọn. "Àwọn Júù ju bọ́ǹbù sí Gásà" kò tọ̀nà: ó di iṣẹ́ ọmọ ogun orílẹ̀-èdè kan ru ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sí Buenos Aires.

Ó ku "ojúsàájú". Ojúsàájú ń ṣe ẹnì kan lóore ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tí à ń wá ń ni ẹnì kan lára. "Òṣùwọ̀n méjì" ló bá a mu, bí oníṣòwò tó fi kóńgò ńlá ra gàrí lọ́wọ́ àgbẹ̀, tó wá ń fi èyí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú tà á. Ẹ wo Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva. Láti 2007, kókó keje lórí ètò ìjókòó wọn wà títí lọ fún ọ̀ràn Palẹstínì àti ilẹ̀ tí Ísírẹ́lì gbà. Síríà àti Kòríà Àríwá ń dúró pẹ̀lú gbogbo ayé lábẹ́ kókó kẹrin. Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà nígbà náà, sọ ọ́ síta pé yíyà tí wọ́n ya agbègbè kan ṣoṣo sọ́tọ̀ já òun kulẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìtumọ̀ wa má ṣe di aṣọ ìbojú fún ìjọba kankan. Nínú ìtumọ̀ tí IHRA fọwọ́ sí ní Bucharest ní oṣù Karùn-ún 2016, òṣùwọ̀n méjì sí Ísírẹ́lì wà lára àpẹẹrẹ mọ́kànlá tí wọ́n fi sí i. Ìtumọ̀ náà tún sọ pé kí a bá Ísírẹ́lì wí bí a ṣe ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn wí kì í ṣe ìwà akórìíra-Júù. Ìkéde Jerúsálẹ́mù tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní 2021 lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀: ìbáwí tó dà bí òṣùwọ̀n méjì, nínú ara rẹ̀ nìkan, kì í ṣe é. Lójú tèmi, ọmọ Palẹstínì tó ń ké lórí ilé baba rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè pé kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ogun Sudan kó tó ké. Ẹni tí mo máa fura sí ni ẹni tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọ̀ràn náà, tí orílẹ̀-èdè mẹ́ta ṣe ohun kan náà lójú rẹ̀, tó dákẹ́ lórí méjì, tó sì ní kí ẹ̀kẹta pa rẹ́ kúrò láyé. Tó bá wá lọ fọ́ fèrèsé sínágọ́gù nítorí rẹ̀, ìyẹn ò nílò òṣùwọ̀n kankan mọ́.

Nítorí náà, àbá tèmi fún àkójọ ọ̀rọ̀ wa rèé: "ìwà akórìíra-Júù" àti "òṣùwọ̀n méjì", ní àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má ṣe túmọ̀ ọ̀kan pẹ̀lú èkejì. Kí Síónísì dúró bí àyálò, kí a kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ẹni tó fara mọ́ ọn pé kí àwọn Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn ni, kí a sì fi kún un pé kì í ṣe orúkọ mìíràn fún Júù.