Ẹ bá mi ka tébù yìí: ṣé koríko tó wà lókè ló dára jù?

Ọmọ Owé, Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Pápá bọ́ọ̀lù iléèwé wa ló wà lọ́wọ́ mi, a sì fẹ́ gbin koríko Bermuda tuntun bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta irúgbìn fún wa mú ìwé ìwádìí Amẹ́ríkà kan wá, ó fìka sí òkè tébù, ó ní tòun ló gbapò kìíní. Mo fi A dé D pe orúkọ wọn: A 6.8, B 6.5, C 6.3, D 5.4. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ "LSD (0.05) = 0.6". Owó A fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó C. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Mọ̀pà: 6.8 kí ni? Àpò ni àbí kílò?

Bàbá Ágíríìkì: Máàkì ni, Ìyá. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n á fún un ní 1 dé 9. Lọ́dọ̀ NTEP, àjọ tó ń dán koríko wò ní Amẹ́ríkà, 9 ló ga jù, 6 sì ni èyí tó ṣeé gbà.

Àbúrò, ìlà ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni kí o kà. Wọn kì í gbin koríko kan sójú kan ṣoṣo. Ó sábà máa ń tó ojú mẹ́ta, wọ́n á sì ṣẹ́ kèké lórí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, torí ilẹ̀ kan lè lọ́ràá ju èkejì lọ. Ìpíndọ́gba ni 6.8. Kódà bí o bá gbin koríko kan náà sójú méjì, máàkì wọn lè má dọ́gba. LSD ni ìyàtọ̀ tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ wà kí a tó lè sọ pé ọ̀kan ju ọ̀kan lọ. A yọ B, ó ku 0.3. A yọ C, 0.5. Kò sí èyí tó dé 0.6, ìwé yẹn kò lè dá ẹ̀bi tàbí àre láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. D nìkan ló fìdí rẹmi: 0.9 ni C fi jù ú.

Tíṣà Ìyàrà: Mo fara mọ́ ọn, bàbá, àmọ́ kí ó ṣọ́ra. Tí tébù bá ní irú koríko 20, méjì-méjì tí a lè fi wéra jẹ́ 190. 0.05 túmọ̀ sí pé bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ dọ́gba, nǹkan bíi 9 tàbí 10 nínú ìfiwéra náà yóò jọ pé wọ́n yàtọ̀, èèṣì lásán. LSD kò ṣe é fi wá olúborí láàárín ọ̀pọ̀ irú koríko.

Ọmọ Ìsánlú: Níbo ni wọ́n gbìn ín sí ná? Ṣé wọ́n ń bomi rin ín? Ọyẹ́ Kàbà kò sí nínú tébù wọn. Àti pé ẹwà lásán lẹ ń kà yẹn. Àwọn ọmọ yóò fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá òpó ìfaradà ẹsẹ̀ àti ti ọ̀dá.

Ọmọ Owé, Kàbà: Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àgbà. Mo rí òpó ọ̀dá, A náà ló wà lókè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "NS" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Ágíríìkì: NS: wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá. Má ka ipò kankan níbẹ̀. Ra C, kí o fi owó tó kù gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ìyá Mọ̀pà: Kí ó kọ́kọ́ lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀.