Ìwé mọ́kànlá la ti kọ béèrè owó ìrànwọ́, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sí i: ibo la ti ń ṣì í?

Ìyá Ẹgbẹ́, Ìsẹ́yìn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn.

Àkọ́bí mi ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, SS ni. Ẹni tó bá ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí: aago méjì òru, ọmọ ká orúnkún sáyà, ó ní kí n má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun, ó tún ní kí n má kúrò lọ́dọ̀ òun. Ní 2019, ìyá mẹ́rin la jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi, a ní ẹ jẹ́ ká máa ran ara wa lọ́wọ́. Lónìí, ọmọ 63 ló wà nínú ìwé wa. Gbogbo Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù la ń pàdé. Kálukú ń mú 500 náírà wá lórí ọmọ kan, a ń fi ra folic acid tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àti Paludrine tó ń dènà ibà lápapọ̀ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bá wa ṣí ìpéǹpéjú àwọn ọmọ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, tó ń tẹ ikùn wọn wò lápá òsì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa rí.

Ní 2022, a forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. A gba ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi ẹgbẹ́ nu owó ìwà ọ̀daràn mọ́, a sì ṣí àkáǹtì. Látìgbà náà, àjọ mọ́kànlá ni mo ti kọ̀wé sí. Mẹ́sàn-án kò fèsì rárá. Ọ̀kan ní irú iṣẹ́ wa kọ́ ni àwọn ń náwó lé. Ọ̀kan tó kù ní kí n fi ìwé owó ọdún méjì tí ọ́díítọ̀ ti yẹ̀ wò ránṣẹ́, n kò sì ní in.

Ọ̀gbẹ́ni kan ti wá yọjú báyìí. Ó ní òun á bá wa kọ ọ́ dáadáa: 150,000 náírà ni owó ìkọ̀wé, ìdámẹ́wàá ohun tó bá wọlé sì jẹ́ tòun. Ó ní kí á fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà kún un, pé ibẹ̀ lowó wà. Àwọn ìyá kan ti ń sọ pé ká dá 150,000 náà jọ. Ṣé ká dá a?

Bí ìwé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti èrè. A fẹ́ mú ìgbé ayé ọ̀tun bá gbogbo ọmọ Nàìjíríà nípa ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìrónilágbára."

Akáǹtáńtì Ẹ̀gbá:

Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á wo ọmọ sàn. Ọ̀rọ̀ ìwé owó ni mo mọ̀, òun nìkan ni n ó sọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọ́díítọ̀ bà yín lẹ́rù. Sítétímẹ́ǹtì báńkì ọdún náà, ìwé tí ẹ ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, àti rìsíìtì, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ẹ wá ẹni tó ní ìwé àṣẹ ICAN tàbí ANAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáńtì, kó má jẹ́ ọkọ tàbí àbúrò ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ yín. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún un. Èmi ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é ní owó táṣẹ́rẹ́, èmi nìkan sì kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò lónìí ni ìwé ọdọọdún ti CAC. CAMA ti 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ní kí ẹgbẹ́ bíi tiyín fi í ránṣẹ́ láàrin 30 June sí 31 December lọ́dọọdún, àfi ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ nìkan. 2022 lẹ forúkọ sílẹ̀, nítorí náà tiyín ti bẹ̀rẹ̀ láti 2023. Àjọ tó fẹ́ fún yín lówó á wá orúkọ yín lórí ìkànnì CAC. Bó bá rí "inactive", ìyẹn "kò ṣiṣẹ́", níwájú rẹ̀, á gbé ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Àǹtí Bódìjà:

Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ má dá kọ́bọ̀ jọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn. Mo bẹ̀ yín.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì tí irú ìwé yín ń dé sí, ní àjọ kan tí n kò ní dárúkọ. Bí a bá ti rí ìdámẹ́wàá fún ẹni tó kọ̀wé nínú ìṣirò owó, ibẹ̀ la ti ń pa ìwé náà dé. Kódà AFP, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi wíwá owó ìrànwọ́ ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdá kan nínú ohun tó bá wọlé. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: 500 lọ́nà 63 jẹ́ 31,500 lóṣù. 150,000 tó ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oògùn oṣù márùn-ún. Bí owó kò bá sì wọlé, ta ló máa fún àwọn ọmọ ní oògùn oṣù márùn-ún náà?

Ti ojú ọjọ́ ńkọ́? Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn adití ní iṣẹ́ aṣọ rírán. Wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìbò lowó wà, wọ́n yí ìwé wọn sí i, owó ọdún méjì sì wọlé lóòótọ́. Nígbà tí mo lọ wò wọ́n lẹ́yìn tí owó tán, olùkọ́ ìránṣọ ti lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà wà ní igun yàrá, aṣọ ìkélé tí wọ́n fi bò wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ìpẹtà. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló pa. Ó ń dùn mí títí dòní, nítorí èmi ni mo buwọ́ lùwé pé kí wọ́n fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí Ìsẹ́yìn níbẹ̀. N kò rí fòníkú-fọ̀ladìde. N kò rí ọmọ kankan. Àmọ́ nínú ohun tí ẹ kọ fún àwa níbí, mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ọmọ 63, mo rí ọwọ́ nọ́ọ̀sì lórí ikùn ọmọ. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹ gbé e kúrò níbí lọ síbẹ̀.

Bí àwa ṣe ń kàwé náà kò bá bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ mu. Ìṣirò owó ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí mo bá rí "ìrìnnà àti ohun mìíràn: 1,000,000", mo mọ̀ pé inú yàrá ni wọ́n ti fojú dá a. Bí mo bá rí orúkọ oògùn, iye ọmọ, iye oṣù, iye tí wọ́n ń ta páálí kan ní ìlú yẹn, màá fa àga mi súnmọ́ tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá lọ wo ohun tó ń dun ẹgbẹ́ náà gan-an. Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé orúkọ yín. Ọmọ mélòó ló ń wá déédéé lọ́dún tó kọjá? Mélòó ló sùn sílé ìwòsàn nítorí ìrora? Mélòó ni oògùn wọn já láàrin, kí ló sì já a?

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí náà wà níbẹ̀. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan, ẹ wo ohun tí àjọ náà ti náwó lé láti bí ọdún mẹ́ta. Ford Foundation ti ní ọ́fíìsì ní Èkó láti 1960, àmọ́ ìjà lòdì sí àìdọ́gba láwùjọ ni tiwọn, wọn kì í ra oògùn. MacArthur Foundation ti parí ètò ńlá tó ń ṣe ní Nàìjíríà ní 2024. Ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní GGP. Ilé kíkọ́, kànga àti ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í san owó oṣù tàbí owó tí ẹgbẹ́ fi ń gbéra, wọ́n á sì béèrè iye ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta. Bó bá di ọjọ́ tí ẹ̀yin àti ilé ìwòsàn fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ ọmọ, ẹ kan ilẹ̀kùn yẹn. T.Y. Danjuma Foundation máa ń náwó lórí ìlera àti ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá kéde. Ẹ sì lọ kí àwọn Sickle Cell Foundation Nigeria ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, òdìkejì ilé ìwòsàn ńlá LUTH. Ẹ má tí ì bá ti owó lọ. Lẹ́tà kan tó sọ pé wọ́n mọ iṣẹ́ yín, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló lè ṣí.

Ẹ má sì gbé gbogbo ẹ̀bi sórí ara yín. Láti January 2025 tí Amẹ́ríkà ti dá owó USAID, àjọ tó ń fi ìrànwọ́ wọn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, dúró, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí kì í wo mílíọ̀nù mẹ́ta lójú tẹ́lẹ̀ ti wá tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú yín.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ní Peckham:

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláàánú, nítorí bí owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ aláàánú bá ti ju £5,000 lọ́dún ní England, ó di dandan. Ọ̀pọ̀ àjọ tó ń fúnni lówó níbí kì í fi owó ránṣẹ́ tààrà sí ẹgbẹ́ kékeré nílé, ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ níbí ni wọ́n máa ń gbà á. A lè dúró fún yín. Bí ẹni tó ń san owó orí bá sì dá £1, ìjọba máa ń fi 25p kún un lábẹ́ Gift Aid.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ká ṣe bí a ti ṣe rí. A fi owó kànga ránṣẹ́ sí abúlé kan nígbà kan, fọ́tò nìkan la béèrè. Kó tó pé ọdún méjì, omi ti dẹ́kun. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, àwa náà kò sì béèrè. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé orúkọ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ fi bébà bo orúkọ àwọn ọmọ.

Ìyá Ẹgbẹ́, Ìsẹ́yìn:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọmọ yín á yè.

Mo ti lọ wo orúkọ wa lórí ìkànnì CAC. Bí akáǹtáńtì ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. A ti ń wá owó tí a máa fi san ti ìwé ọdọọdún tó ti kọjá.

Lálẹ́ àná, iná kò sí, ọmọ mi ló gbé tọ́ọ̀ṣì dání fún mi tí mo fi ṣí ìwé náà. Lọ́dún 2024, ọmọ 48 ló wá tó ìgbà mẹ́sàn-án ó kéré tán. Ọmọ 21 ló sùn sílé ìwòsàn nítorí ìrora. Mo wá ń wo oṣù tí oògùn wọn já: 14 nínú àwọn 21 náà ni kò gba oògùn ní oṣù tó ṣáájú. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, n kò kà á pọ̀ rí. Mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó síbẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí nìyí: "Ní Ìsẹ́yìn, ọmọ 21 nínú 63 ló sùn sílé ìwòsàn ní 2024 nítorí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde. 14 nínú wọn ni oògùn wọn ti já ní oṣù tó ṣáájú. Owó tí a ń béèrè ni owó tí oògùn kò fi ní já."

Ìbéèrè kan ló kù. Èmi ni mò ń gun ọ̀kadà lọ bá àwọn ọmọ tí kò bá wá. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìṣirò, àbí wọ́n á ní mò ń wá owó sápò ara mi?

Àǹtí Bódìjà:

Ẹ kọ ọ́, ẹ fi rìsíìtì tàbí ìwé ìbuwọ́lù gbè é lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ ni. Ẹ kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà síbẹ̀, iye wákàtí tó ń lò, lábẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ mú wá fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rí i.

Ìyá Ẹgbẹ́, Ìsẹ́yìn:

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù, 1,500 ní àlọ àti àbọ̀, 72,000 lọ́dún. A ti dá ọ̀gbẹ́ni yẹn lóhùn. Ọ́díítọ̀ kan ní Ọ̀yọ́ ní kí n kó rìsíìtì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Inú páálí bàtà ni wọ́n wà, mo ti ń tò wọ́n láti àárọ̀.