“Fíìmù aláìlátọwọ́dá”: ọwọ́ ta ni ẹ ń lé kúrò nínú rẹ̀?

Aṣọ́gbà Èdè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí àbúrò wa Gègé Tuntun gbé síta. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe sinimá Yorùbá tí wọn ò sì fẹ́ kí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni tó ní ọpọlọ, bá wọn dá sí i ń wá gbólóhùn tí wọ́n á máa gbé sójú àwòrán nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá ti yí tán. Irú ẹ̀ ni àwọn olùdarí Scott Beck àti Bryan Woods fi sí ìparí fíìmù wọn, Heretic, lọ́dún 2024, pé àwọn ò lo AI tó ń ṣẹ̀dá nǹkan láti fi ṣe é. Ohun tí àbúrò wa wá fún wọn, láti sọ pé kò sí AI nínú rẹ̀, ni: “Fíìmù aláìlátọwọ́dá ni èyí.”

Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni ẹ ń lé jáde? À + ti + ọwọ́ + dá. Ohun tó ti ọwọ́ wá ni. Àtọ̀runwá ni ẹnìkejì rẹ̀. Kí ni sinimá wá jẹ́ bí kò bá jẹ́ àtọwọ́dá? Ṣé ọ̀run ni kámẹ́rà ti já bọ́ ni, àbí òjò ló rọ àwọn òṣèré sí lọkéṣọ̀n? Àwọn ọmọ ń pariwo pé ọwọ́ èèyàn ló yẹ kó ṣiṣẹ́ ọnà, ẹ sì ń fún wọn ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé kò sọ́wọ́ kankan nínú iṣẹ́ wọn!

Kọ́ńsónáǹtì kan péré ló ṣi yín lọ́nà. “Ti” ń sọ ibi tí nǹkan ti wá, “fi” ń sọ ohun tí a lò. Àfọwọ́kọ, àfọwọ́fà, àfọwọ́ṣe. “Àfọwọ́ṣe ni fíìmù yìí.” Ó parí. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe pa ohùn ìsàlẹ̀ orí à- jẹ láàárín l àti t. Bó bá tiẹ̀ di dandan, ẹ kọ ọ́ ní aláìní-àtọwọ́dá.

Gègé Tuntun:

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Irun àtọwọ́dá, ehín àtọwọ́dá, òdòdó àtọwọ́dá: ta ló gbọ́ wọn tí kò mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó? Ìlò ló ń fún ọ̀rọ̀ nítumọ̀. Ẹni tó ń tẹ ayárabíàṣá kì í rántí àṣá. Àwọn tó ń pe AI ní òye àtọwọ́dá náà ò ro ti ọwọ́ mọ́ ọn.

Ní ti ohùn, àṣẹ di aláìláṣẹ. Ibo ni ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ?

“Àfọwọ́ṣe” tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín. Aṣọ òfì, apẹ̀rẹ̀ àti ìkòkò ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ “fíìmù àfọwọ́ṣe” á rò pé olùdarí ò rówó yá irinṣẹ́ ni.

Olóòtú Àwòrán:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ń sọmọ lórúkọ láìtíì wo ojú rẹ̀. Gbólóhùn Beck àti Woods kò kọ gbogbo AI. Èyí tó ń ṣẹ̀dá nǹkan ló kọ̀, ìyàtọ̀ ńlá sì ni lórí tábìlì ẹ́díìtì. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá wọ inú ọ̀rọ̀ òṣèré, ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ́ láti mọ ohùn èèyàn yàtọ̀ sí ariwo la sábà fi ń yọ ọ́ báyìí. AI ni, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kankan sẹ́nu òṣèré. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí èèyàn fà á jù. S, ṣ àti f ló kọ́kọ́ ń bá ariwo lọ, torí pé èémí lásán ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. “Ó ṣẹ́” á di “ó ẹ́”. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ “àfọwọ́ṣe” sára fíìmù tí a ti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fọ ohùn rẹ̀ ti purọ́ díẹ̀.

Ibi tó ta kókó wà láàárín. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Dávid Jancsó tó jẹ́ olóòtú fíìmù The Brutalist sọ pé àwọn fi Respeecher, ẹ̀rọ AI tó ń tún ohùn ṣe, tún àwọn ìró kan ṣe nínú èdè Hungary tí àwọn òṣèré rẹ̀, Adrien Brody àti Felicity Jones, sọ. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, síbẹ̀ Brody gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lórí fíìmù náà ní oṣù kẹta. Ẹnu rẹ̀ ni, ẹ̀rọ ló tún un ṣe. Èwo nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ló gba ìyẹn?

Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò lámì, òun náà sì ni ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè ń jẹ dàgbà. Ẹ kọ “oko mi ti de” sínú ìwé eré, kó wá yan nínú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko. Bó bá fi ọkọ̀ sẹ́nu ìyàwó tó ń retí ọkọ rẹ̀, pípe òṣèrébìnrin padà síwájú makirofóònù yá ju kí ẹ máa bá ẹ̀rọ fa ohùn lọ.

Àwòrán ńkọ́? Nígbà tí Veo 3, ẹ̀rọ AI ti Google tó ń ṣe fídíò, jáde lọ́dún 2025, ìṣẹ́jú àáyá 8 ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Fíìmù ìṣẹ́jú 90 á gba 675 irú ẹ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ máa ń tún ojú òṣèré rò, kò ṣòro kí pélé mẹ́ta di mẹ́rin bí obìnrin náà bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

Èmi ò dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ohun tí màá kọ nìyí: “A kò ní kí AI kọ ọ̀rọ̀, ya àwòrán tàbí ṣe ohùn ẹnikẹ́ni nínú fíìmù yìí.” Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 6, ìyẹn férémù 144 bí ẹ bá ń lo 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ wo fọ́ǹtì yín. Ẹ́ àti ọ́ ò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, ẹ tàbí ọ, ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí àmì ohùn tó gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ èyí á ta àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó ya àpótí òfìfo sójú sinimá.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́:

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé àwọn tó jókòó ti Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ lọ́dún 1984, ẹnìkan kì í jí lówùúrọ̀ kó sọ ọ̀rọ̀ sọ́jà. “Àì-” inú aláìlátọwọ́dá, tó ń sọ pé kò sí rárá, gan-an ló ń bí mi nínú. Àwọn òǹkọ̀wé Hollywood tó daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148 lọ́dún 2023 kò ní kí AI kú. Àdéhùn wọn ni pé iléeṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi dandan mú òǹkọ̀wé lò ó, àti pé ohun tí AI bá kọ kò lè jẹ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé. “Àì-” ti gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ wò ó, àdàmọ̀dì wà nílẹ̀. Àwòrán àdàmọ̀dì, ohùn àdàmọ̀dì. Kí lẹ tún ń wá?

Aṣọ́gbà Èdè:

Bàbá, kí ẹ pẹ́ fún wa. Àdàmọ̀dì gbọ́dọ̀ ní ojúlówó tó ń ṣe bí ẹni. Tilly Norwood tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí ẹgbẹ́ òṣèré SAG-AFTRA fi bínú lọ́dún 2025 pé kì í ṣe òṣèré rárá, àdàmọ̀dì ta ni? Kò gbé orúkọ ẹnikẹ́ni.

Gbólóhùn Olóòtú dára, ó kàn gùn bí oríkì ni. Pluribus, eré tẹlifíṣọ̀n ti Vince Gilligan, ní 2025 kan náà, kò sọ ju pé èèyàn ló ṣe é lọ. “Ọwọ́ èèyàn ló ṣe é” tó.

Olóòtú Àwòrán:

Ọwọ́ èèyàn náà ló tẹ Respeecher, ẹ̀gbọ́n.

Gègé Tuntun:

Ẹ ti fo aláìláṣẹ kọjá.

Aṣọ́gbà Èdè:

N kò fò ó. Aláìláàánú ńkọ́? Ohùn ìsàlẹ̀ àánú ṣì dúró gbọin lẹ́yìn lá.

Gègé Tuntun:

Fáwẹ̀lì méjì ló tẹ̀ léra wọn níwájú n inú àánú. Ọ̀kan péré ló wà níwájú t inú àtọwọ́dá. Ẹ wá òmíràn wá.